Ká Tó Gbéra Lọ sí Tucson

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ lójú títì Bissonnet níbí ní Houston, ẹ rọra wakọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi fóònù gbọ́ wa láti Atlanta, láti Maryland, títí dé Ìbàdàn àti Ìlọrin, a kí yín púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ gbé abọ́ ìlẹ̀kẹ̀ sórí itan, tí òwú wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó tí wọ́n máa wá gbà ní Sátidé, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá. Ẹ má dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo sín ìlẹ̀kẹ̀ fún ọmọ kan tó fẹ́ ṣe ìdána. Ìyá rẹ̀ ní iyùn ni òun fẹ́, iyùn gidi, nítorí pé iyùn ni ìyá tirẹ̀ náà fi sin òun lọ sílé ọkọ. Mo ra iyùn náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó sọ fún mi pé láti ilẹ̀ Ítálì tààrà ni ọjà òun ti ń wá. Ó pupa fòò, ó ń dán, gbogbo ẹyọ rẹ̀ sì dọ́gba. Owó tí mo san kì í ṣe kékeré. Ọjọ́ ìdána pé, inú oṣù Keje, ooru Houston tí gbogbo wa mọ̀. Ìyàwó jó wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un, ó tún lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí ọkọ. Nígbà tó máa dìde, mo rí i tí nǹkan pupa kan là gbọọrọ láti ọrùn rẹ̀ wá sí àyà, lórí lésì aláwọ̀ wàrà. Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ pè é. Àyà mi já. Òógùn ló ti bọ́ aró ara ìlẹ̀kẹ̀, aró sì ti ṣàn sára aṣọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó sáré fi ìborùn bò ó, alága ìjókòó sì gbé orin sókè kí ojú àwọn èèyàn lè kúrò níbẹ̀. Ìyá ìyàwó kò bú mi. Ó kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú padà. Mo dá owó rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, mo san owó lésì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, ìwò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun tí mo rà yẹn kì í ṣe iyùn tí ìyá náà ní lọ́kàn. Irú kan ni tí àwọn oníṣòwò ń pè ní iyùn ọparun, nítorí pé oríkèé-oríkèé ló ń hù lábẹ́ òkun bí ọparun. Àwọ̀ rẹ̀ kì í pọ́n. Wọ́n máa ń rì í sínú aró pupa ni, kó lè jọ iyùn Òkun Mẹditaréníà. Kò sí aburú nínú kí èèyàn ta á, bó bá ti pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò pe orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo rà á ńkọ́? Mi ò mọ ìbéèrè tó yẹ kí n bi í. Àìmọ̀ yẹn ló gbé mi dé Tucson.

Ìlú kan nínú aṣálẹ̀ Arizona ni Tucson. Láti ìparí oṣù Kìíní títí di bí àárín oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn tó ń ta òkúta iyebíye, ìlẹ̀kẹ̀, góòlù, fàdákà àti irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ máa ń ya wọ ibẹ̀ láti gbogbo àgbáyé. Ní 1955 ni ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ òkúta ìlú náà, Tucson Gem and Mineral Society, kọ́kọ́ ṣe ìpàtẹ kékeré kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Helen Keeling. Ìpàtẹ kékeré yẹn ló bí gbogbo èyí tó wà káàkiri ìlú lónìí. Ẹ máa rí i nínú gbọ̀ngàn ńlá, ẹ máa rí i lábẹ́ àgọ́ lẹ́bàá títì, ẹ máa rí i ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì jáde nínú yàrá, tí wọ́n fi tábìlì rọ́pò rẹ̀, tí òkúta wá tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹnu ilẹ̀kùn bàlùwẹ̀. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ láìmúra, òòyì á kọ́ ọ. Ọdún kìíní tí mo lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ lò, ọjọ́ kìíní lowó tán lọ́wọ́ mi. Àpò òkúta aláwọ̀ ewé kan wà nínú ohun tí mo gbé wálé. Ihò rẹ̀ kéré débi pé òwú tí mo fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ kò gba ibẹ̀ kọjá. Ó ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní fún yín lónìí: ilé yín ni ẹ ti máa ra ọjà Tucson. Ẹ kàn máa lọ gbé e wálé ni.

Ẹ wá ìwé kan, ìwé oníbébà gidi. Fóònù dára, ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan tí ẹ nílò rẹ̀ jù ni bátìrì rẹ̀ máa ń kú. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ìyàwó tí wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ fún ọdún náà sínú rẹ̀, ẹnì kan lójú ewé kan. Ẹ gé ègé lésì tàbí aṣọ òkè wọn, ègé bíńtín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewé náà. Àwọ̀ tí ojú rántí kì í ṣe àwọ̀ tó wà lára aṣọ. Mo ti gbé ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ elésè-àlùkò wálé rí fún aṣọ òkè tó jẹ́ àlàárì. Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ẹnì kan pa pọ̀. Ìyàwó fẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn onílà mẹ́ta: 18 íǹṣì, 20 íǹṣì, 22 íǹṣì. Ó di 60. Ẹ̀gbà ọwọ́ méjì, íǹṣì méje-méje, ó di 14. Ọkọ náà fẹ́ tirẹ̀ tó máa balẹ̀ dé àyà, onílà méjì, 30 íǹṣì ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 60 mìíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 134 íǹṣì. Bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ kan bá jẹ́ 16 íǹṣì gẹ́gẹ́ bó ṣe wọ́pọ̀, okùn mẹ́jọ kò ní tó, mẹ́sàn-án ló máa gbà á. Ẹ ra mẹ́wàá. Ẹyọ tí ihò rẹ̀ ti fọ́ kì í wọ́n nínú okùn, èyí tí ẹ bá sì padà wá rà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kì í bá ti àkọ́kọ́ mu, kódà kó jẹ́ ọwọ́ ẹni kan náà lẹ ti rà á. Ẹ mú rúlà dání o. Okùn tó kúrú ju 16 lọ wà lórí tábìlì, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín bí ẹ ò bá wọ̀n ọ́n. Ẹ mú òwú tí ẹ ń lò dání pẹ̀lú, kí ẹ fi gbìyànjú ihò rẹ̀ wò níbẹ̀, níwájú olùtajà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Lábẹ́ ìṣirò yẹn, ẹ kọ iye tí ẹ ò ní kọjá lórí okùn kan. Kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ san o. Iye tó jẹ́ pé bí ó bá lé e pẹ́nrẹ́n, ẹ máa kí olùtajà pé ó dìgbóṣe. Ẹni tí kò bá kọ èyí sílẹ̀ ní ilé, dídán òkúta lábẹ́ iná ló máa kọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ kò gùn, ṣùgbọ́n òun ló ń dá ọ̀pọ̀ nínú wa padà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ìpàtẹ kan wà ní Tucson tí gbogbo ayé lè wọ̀. Àwọn mìíràn, bí AGTA GemFair tó wà nínú gbọ̀ngàn àpérò ìlú, oníṣòwò nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á ní kí ẹ fi hàn pé òwò ni ẹ ń ṣe: ìwé àṣẹ owó orí ọjà, káàdì òwò, àti ẹ̀rí pé ẹ máa ń ra irú ọjà bẹ́ẹ̀. Níbí ní Texas, ọ́fíìsì Comptroller ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ owó orí ọjà, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀ lórí ìwé náà. Àwa tí a ń ta ìlẹ̀kẹ̀ nínú pálọ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tí a ní òwò wa kò tíì tó ohun tó ń gba ìwé, ìwé yẹn ló sọ ọ́ di òwò lójú ìjọba. Òun náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ san owó orí lórí ohun tí ẹ rà láti tún tà. Ẹ gbà á ní oṣù mélòó kan ṣáájú. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún ìpàtẹ tí ẹ fẹ́ lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ má lọ tò lórí ìlà lọ́jọ́ tí àwọn ẹlòmíì ti ń ra ojúlówó. Ẹ gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú; ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, owó yàrá ní ìlú náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ohun tó ń jẹ́ ní àwọn oṣù yòókù.

Wàyí o, a dé ibi tó ká mi lára jù, ìyẹn mímọ orúkọ ohun tí a ń rà.

Ẹ ra awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù máa ń gbé mọ́ ojú. Kò wọ́n. Ẹ fi kọ́ ojú yín ní ilé, lórí ohun tí ẹ ti ní. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì kan yẹ̀ wò, ẹ sábà máa rí àwọn ihò afẹ́fẹ́ róbótó nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìlẹ̀kẹ̀ òkúta tí wọ́n pa láró, ẹ wo etí ihò rẹ̀ àti ojú ibi tó ti sán: aró máa ń dì síbẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ á sì ṣú ju ara yòókù lọ. Ní ti iyùn, ẹ mú òwú funfun rírọ̀ díẹ̀, kí ẹ ki í sínú omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, èyí tó ní ásítóònù nínú. Ẹ fi nu ẹyọ kan. Bí òwú bá pọ́n, aró ni. Ohun tí ìbá gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú oṣù Keje yẹn nìyí, òwú bíńtín àti omi èékánná. Ṣùgbọ́n ẹ gba àyè lọ́wọ́ olùtajà kí ẹ tó ṣe é. Ẹni tí ọjà rẹ̀ mọ́ kì í sábà kọ̀. Òwú tó sì mọ́ kò tíì sọ pé iyùn Mẹditaréníà ni o, nítorí pé wọ́n máa ń da nǹkan bo aró lójú nígbà míràn kó má bàa ṣí. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀, ẹ béèrè ìwé àyẹ̀wò.

Olùtajà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ máa ń sọ ohun tí wọ́n ṣe sí òkúta fún yín: wọ́n sè é nínú iná, wọ́n pa á láró, wọ́n fi gíláàsì dí ibi tó sán. Àjọ FTC, tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣọ́ òwò, ní ìlànà lórí èyí: bí ohun tí wọ́n ṣe sí òkúta kò bá ní wà títí, tàbí tí òkúta náà ń fẹ́ ìtọ́jú pàtàkì, tàbí tó bá ń dín iye rẹ̀ kù gidigidi, olùtajà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ bi í, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sórí rìsíìtì. Bí ó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ gbé owó yín sápò. Ìlànà yẹn de àwa náà o, nígbà tí ìyá ìyàwó bá jókòó sí pálọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbì kan. Ní àwọn ìpàtẹ Tucson, ẹ máa bá àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ti Gáńbíà, Málì àti Gánà wá, wọ́n na ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ kalẹ̀ lórí ẹní. Púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ìlú Venice ni wọ́n ti ṣe é láyé àtijọ́, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e wá sí etíkun wa ṣòwò. Ní báyìí, àwọn ọmọ wa ti kó o la òkun kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i láti tà á fún Òyìnbó. Bí ẹ bá dé ìsọ̀ wọn, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ má kánjú. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ láti fi ọwọ́ mọ gíláàsì àtijọ́ yàtọ̀ sí tòní: etí ti àtijọ́ ti jẹ, ó ti yọ̀, nítorí pé ó ti fara kan ara èèyàn fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín níbẹ̀ pé rírà nìkan ni tiwa, pé àwa ò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ rí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Yunifásítì Rice níbí ní Houston wa yìí, wú ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde nínú ilẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ gíláàsì náà wò, wọ́n rí i pé èyíkéyìí tó ti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù wá kò jọ ọ́. Àwọn ará Ifẹ̀ ló po ó fúnra wọn, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ní Ìlọrin náà, àwọn baba wa jókòó, wọ́n ń lọ òkúta pupa, wọ́n ń fi ọwọ́ lu ihò sí i lẹ́yọ-lẹ́yọ. Òun là ń pè ní làǹtànà. Mo máa ń sọ ìtàn méjèèjì yìí fún àwọn oníbàárà mi, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa sọ ọ́.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń ta òkúta ní Òjòó ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òkúta tọmalíìnì tí wọ́n ń wà jáde ní Kómu àti àwọn ìlú mìíràn ní Òkè-Ògùn máa ń dé Tucson. Mo ti rí i lábẹ́ gíláàsì, wọ́n ti gé e, ó ń tàn bí omi sóbò, wọ́n kọ Nàìjíríà sí abẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tó láwọ̀ búlúù títàn, nítorí pé bàbà wà nínú rẹ̀. Brazil ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní nǹkan bí 1989, ní ìpínlẹ̀ Paraíba. Nígbà tó di 2001, wọ́n rí i ní Nàìjíríà náà. Síbẹ̀, Paraíba ni gbogbo ọjà ń pè é títí di òní, àtèyí tó ti Brazil wá àtèyí tó tilẹ̀ wa jáde. Inú mi kì í dùn bí mo bá gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ń ta òkúta fún ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ wá síbí, ẹ kọ orúkọ ìlú tó ti jáde sórí ìwé rẹ̀, kí orúkọ wa lè máa bá a rìn.

Ní ti owó, ẹ mọ ìwọ̀n kẹ́ẹ tó débẹ̀. Kárátì ni wọ́n fi ń wọn òkúta iyebíye, kárátì márùn-ún sì ni gíráàmù kan. Bí ẹnì kan bá ní dọ́là mẹ́wàá ni òkúta òun, ẹ bi í: mẹ́wàá lórí kárátì ni, àbí lórí ẹyọ, àbí lórí okùn? Mo ti rí obìnrin kan tó rò pé òun ti rí ọjà ọ̀pọ̀, tó wá jẹ́ pé kárátì ni wọ́n ń ṣírò, òkúta ọ̀hún sì jẹ́ kárátì mẹ́rìnlá. Ẹ tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, keystone. Ìyẹn ni pé iye tí wọ́n kọ sára ọjà jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí oníṣòwò máa san. Nítorí náà, ẹ béèrè kí ẹ tó sá fún iye ara páálí. Ẹ ná ọjà, ṣùgbọ́n ẹ má ná an bí ẹni pé ọjà Bódìjà lẹ wà. Ẹni tí ẹ dúnàádúrà pẹ̀lú lónìí ni ẹ máa bá pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá sì ti mọ ojú yín máa fà yín sẹ́yìn tábìlì lọ wo ohun tí kò tíì pàtẹ. Ọdún kẹta mi ni mo tó jẹ irú àǹfààní yìí.

Ọjọ́ kìíní, ẹ má ra nǹkankan. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣòro. Ẹ lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ti Yunifásítì Arizona, Alfie Norville Gem and Mineral Museum, tí wọ́n ṣí ní 2021 nínú ilé ẹjọ́ àtijọ́ àárín ìlú. Ẹ wo bí ojúlówó òkúta ṣe ń rí, kí ẹ tó lọ wo èyí tí wọ́n ń tà. Lẹ́yìn náà ẹ rìn káàkiri ìpàtẹ, ẹ kọ iye tí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ń pè sínú ìwé yín. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ rà, láti inú ìwé.

Ẹni tó bá máa wakọ̀ láti Houston, títì I-10 ló máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà Tucson, kò ní yà síbì kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà lé ní 1,000 máìlì. Ẹ sun El Paso. Aago Tucson máa ń fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Houston lásìkò ìpàtẹ. Òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń tutù ní oṣù Kejì, ọ̀sán á sì móoru, nítorí náà ẹ mú aṣọ tó ṣeé bọ́, ẹ wọ bàtà tí ẹ ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ gbé omi. Bí ẹ bá ń padà bọ̀, àwọn aṣọ́bodè máa dá yín dúró ní Sierra Blanca, lẹ́yìn El Paso. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìgbélùú yín àti rìsíìtì ọjà yín wà nítòsí, kì í ṣe nísàlẹ̀ àpò.

Ọ̀rọ̀ olè, mo fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa tẹ̀ lé àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ jáde láti ìpàtẹ. Wọ́n á gún táyà yín, wọ́n á tẹ̀ lé yín títí tí ọkọ̀ fi máa dúró, ọ̀kan á wá ní òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ìkejì á ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹgbẹ́ kan wà, Jewelers' Security Alliance, tó ti wà láti 1883 nítorí irú èyí. Ẹ bọ́ káàdì ìpàtẹ lọ́rùn kí ẹ tó jáde síta. Ẹ má gbé ọjà sínú ọkọ̀ kí ẹ lọ jẹun, kódà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ra epo kún táǹkì kí ẹ tó lọ gbé ọjà, kó má baà jẹ́ pé ilé epo lẹ máa kọ́kọ́ dúró sí. Ẹ má gbé àwòrán ohun tí ẹ rà sórí Facebook títí ẹ ó fi délé. Ẹ má sì dá lọ. Ẹ lọ ní méjì, ẹ lọ ní mẹ́ta, ẹ̀yin tí ẹ ń bá ara yín du oníbàárà níbí. Bí ẹ bá pa owó pọ̀ ra okùn ọgọ́rùn-ún, ẹ máa rà á ní iye tí ẹnì kan kò lè rà á.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá ìyàwó yẹn pè mí. Àbúrò ọmọ náà ló fẹ́ lọ sílé ọkọ. Mo gbé iyùn tí mo rà jáde, mo gbé òwú àti omi èékánná kalẹ̀ sórí tábìlì níwájú wọn, mo ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi nù ún wò." Wọ́n nù ún. Òwú funfun báláú. Mo gbé ìwé àyẹ̀wò àti rìsíìtì tó ní orúkọ iyùn náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kà á, wọ́n kà á padà, wọ́n sì ní kí n sín in ní onílà márùn-ún.

Ìparí oṣù Kìíní kò jìnnà mọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé kan lálẹ́ òní. Ẹ kọ orúkọ ìyàwó àkọ́kọ́ tí ẹ máa sín ìlẹ̀kẹ̀ fún lọ́dún tó ń bọ̀ sójú ewé kìíní, kí ẹ lẹ ègé aṣọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ìyá rẹ̀ bá ní iyùn lòun fẹ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà.